Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ: Bí Fos àti Jun Ṣe Ń Jọ Pàṣẹ Nínú Sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Abuja

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Alága, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọ̀sán Sunday sílẹ̀ wá síbí, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti Lugbe wá, àwọn kan ti Nyanya, wọ́n sì fẹ́ délé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí a ń jẹun, ìyá wa kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Dókítà, jẹjẹrẹ yìí, níbo ló ti ń wọ ara? Ṣé a máa ń kó o ni?" Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé a kì í kó o bí a ṣe ń kó ikọ́ fée. Ìdáhùn yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn, kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń di jẹjẹrẹ ti wà nínú ara wa kí wọ́n tó bí wa, pé ó ń ṣiṣẹ́ fún wa lójoojúmọ́, àti pé bí kò bá sí i, a ò ní lè wà láàyè. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń gún abẹ́rẹ́. Purotéènì, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, ni mo fi ọjọ́ ayé mi wò nínú yàrá àyẹ̀wò. Ibi tí mo mọ̀ ni mo ti máa sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni màmá mi, ní Sabon Gari ní Zaria. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń kọ́ pátáànì sí: ti bùbá, ti bùláòsì, ti ṣòkòtò, ti yúnífọ́ọ̀mù iléèwé. Èèwọ̀ ni kí ọmọọṣẹ́ gbé pátáànì gan-an lé aṣọ kó máa fi sáàsì gé e lọ. Bébà ni á tẹ́, á tọ pátáànì sórí rẹ̀, bébà yẹn ni wọ́n á fi gé aṣọ. Pátáànì á padà sórí ògiri. Bí bébà bá ya, kò sí wàhálà, a ó tọ òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ara wa ṣe ń ṣe. DNA ni pátáànì. Kókó tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, kì í jáde síta. Lẹ́tà 4 péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 3 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti bílíọ̀nù 3 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí a bá tú èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí a nà án tààrà, á gùn tó mítà 2, ìyẹn ga ju ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí lọ. Nínú rẹ̀ ni jíìnì bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ pátáànì purotéènì. Ọmọọṣẹ́ tó ń tọ pátáànì ni purotéènì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní RNA polymerase. RNA ni bébà tó tọ̀ ọ́ sí. Iṣẹ́ títọ̀ yìí ni mo máa pè ní àdàkọ.

Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ yín àti sẹ́ẹ̀lì inú ojú yín, pátáànì kan náà ló wà lógiri àwọn méjèèjì. Ohun tó fi yàtọ̀ ni èyí tí wọ́n ń tọ̀ àti èyí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ọmọọṣẹ́ kò mọ èyí tó yẹ fúnra rẹ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ nàka sí i. Ta wá ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù nínú sẹ́ẹ̀lì? Ìdáhùn rẹ̀ ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: àwọn purotéènì kan ni, a sì kọ́kọ́ mọ púpọ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ara adìyẹ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1911, Peyton Rous ní New York lọ kókó jẹjẹrẹ kan tó yọ lára adìyẹ, ó sẹ́ ẹ títí kò fi sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi rẹ̀, ó gún un fún adìyẹ mìíràn, kókó náà sì yọ lára tọ̀hún. Fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú omi yẹn. Àwọn èèyàn kò kà á sí fún ọdún pípẹ́; 1966 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ọdún 55 lẹ́yìn náà. Jíìnì kan nínú fáírọ́ọ̀sì náà ló ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n pè é ní src. Gbogbo ayé rò pé ti fáírọ́ọ̀sì ni. Ní 1976, Michael Bishop, Harold Varmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Francisco wá a lọ sínú adìyẹ tó dá ṣáṣá, tí fáírọ́ọ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Wọ́n bá a níbẹ̀. Wọ́n bá a lára àwọn ẹyẹ mìíràn pẹ̀lú. Adìyẹ ló ni jíìnì náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló jí i gbé.

Irú jíìnì bẹ́ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ rere nínú ara ṣùgbọ́n tó lè di ohun tó ń fa jẹjẹrẹ bí ó bá bàjẹ́, ni wọ́n ń pè ní proto-oncogene. N kò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá. Ó dà bí ẹni tó sọ iná ní "ajólé" nígbà tó jẹ́ pé òun la fi ń se oúnjẹ látàárọ̀.

Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa lónìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Fos. Inú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń fa jẹjẹrẹ eegun fún eku ni wọ́n ti rí i. Èkejì ń jẹ́ Jun. Inú fáírọ́ọ̀sì adìyẹ ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1987. Nọ́ńbà fáírọ́ọ̀sì náà ni 17. Èdè Japan ń pe 17 ní "ju-nana", ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ yẹ̀, ó gé yín lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ dì. Àwọn ohun kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì tú ìránṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ PDGF. Ìránṣẹ́ yìí kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kanlẹ̀kùn, lára purotéènì kan tó yọ orí síta tó sì na ìdí sínú. Ẹni tó gbọ́ nínú ni Ras, òun náà proto-oncogene. Ras dà bí súwíìsì iná: bó bá di èròjà tó ń jẹ́ GTP mú, ó tàn, bó bá di èyí tó ń jẹ́ GDP mú, ó kú. Bó ṣe tàn, ó jí purotéènì mìíràn, Raf, Raf jí MEK, MEK jí ERK. Bí wọ́n ṣe ń jí ara wọn ni pé MEK fi fọ́sífétì, èròjà kékeré kan, sí ERK lára, bí ìgbà tí wọ́n bá fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí aṣọ pé ibí ni kí o rán.

ERK wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì Fos, purotéènì méjì ti ń dúró, SRF àti Elk-1. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. ERK fi fọ́sífétì sí Elk-1 lára, ojú là. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àdàkọ jíìnì Fos ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, RNA rẹ̀ ti pọ̀ dé góńgó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó kí ọkọ̀ fi ti Nyanya dé Wuse ní àárọ̀ Monday, ṣùgbọ́n nínú ìka yín, àṣẹ ti dé, wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ti ń mọ purotéènì.

Fos dé nìyẹn. Kò sì lè ṣe ohunkóhun.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Fos kò lè dá mú DNA. Ẹ kó Fos ẹgbẹ̀rún pọ̀, wọn ò ní mú un. Jun lè fara mọ́ Jun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì lè mú DNA, ṣùgbọ́n wọn ò mú un le. Bí Fos àti Jun bá wá so pọ̀, ìmú wọn á le gan-an, á sì pẹ́ kí wọ́n tó tú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. N kò mọ òwe mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì mu tó báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń so? Ní 1988, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí ohun kan nínú irú àwọn purotéènì bẹ́ẹ̀. Purotéènì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni amino acid. Ní apá kan ẹ̀wọ̀n náà, bí wọ́n bá ti ka ìlẹ̀kẹ̀ 7, leucine ni wọ́n ń bá, léraléra. Leucine kì í fẹ́ omi. Ó máa ń wá leucine ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fara pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ Fos kan ẹ̀gbẹ́ Jun, leucine dojú kọ leucine, wọ́n sì pa dé. Wọ́n sọ ọ́ ní síìpù leucine. Orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí àwòrán rẹ̀ dáadáa, ó jọ òwú méjì tí a lọ́ pọ̀ ju síìpù lọ.

Kí ló dé tí Fos kò lè lọ́ mọ́ Fos? Nítorí pé agbára òdì ló pọ̀ lára rẹ̀ níbi síìpù yẹn, òdì àti òdì sì máa ń ti ara wọn dànù, bí ìgbà tí ọmọdé bá fẹ́ fi tipátipá so orí mágínẹ́ẹ̀tì kan náà méjì. Jun ní èyí tó bá a mu.

Nísàlẹ̀ síìpù, àwọn méjèèjì ya ẹsẹ̀ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹ ti rí ẹ̀mú: irin méjì tí a so níbì kan, tí ẹnu wọn fi lè mú irin gbígbóná. Ẹnu ẹ̀mú yẹn ló mú DNA, ẹsẹ̀ kan lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan lósì. Kì í ṣe ibi tó bá ti rí ló ń mú o. Lẹ́tà 7 kan ló ń wá, TGAGTCA, tàbí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Ní 1995 ni wọ́n fi iná X-ray rí Fos àti Jun lórí DNA báyìí, bí ẹ̀mú lórí irin. Orúkọ tí wọ́n fún àpapọ̀ wọn ni AP-1.

Mímú nìkan kò tó. DNA kì í nà gbalaja sílẹ̀. Ó wé mọ́ àwọn purotéènì kan bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọọṣẹ́ kò ní lè tọ pátáànì tí wọ́n ká. Fos àti Jun a wá pe àwọn olùrànlọ́wọ́, CBP àti p300, tí wọ́n ń tú òwú náà díẹ̀. Jun á sì rọrùn fún CBP láti bá ṣe bí purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ JNK bá ti fi fọ́sífétì sí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kẹ́tàlélọ́gọ́ta àti kẹ́tàléláàádọ́rin. Ìgbà yẹn ni RNA polymerase á gúnlẹ̀, tí àdàkọ á bẹ̀rẹ̀. Lára jíìnì tó máa sọ̀rọ̀ ni èyí tó ń ṣe collagenase, tó ń gé àwọn okùn ẹran ara tó ti bàjẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè rí ọ̀nà rákò kọjá, àti cyclin D1, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó àkókò láti pín sí méjì. Ọgbẹ́ ìka yín bẹ̀rẹ̀ sí í dí.

Jun tún ní ẹbí. JunB wà, JunD wà. Fos ní FosB, Fra-1 àti Fra-2. Bí JunB bá gba ipò Jun, àṣẹ náà sábà máa ń rọlẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó wà nínú yàrá nìkan ló ṣe pàtàkì; ẹni tó di ọwọ́ ẹni mú ni. Ẹlòmíràn tún wà tó máa ń dí wọn lọ́wọ́: purotéènì tó ń gba cortisol, ìránṣẹ́ kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Bó bá ti di cortisol mú, ó lè sún mọ́ AP-1 kó mú kó dákẹ́. Ọ̀nà kan nìyẹn lára ọ̀nà tí oògùn dexamethasone ń gbà pa wíwú àti pípọ́n ara rẹ́. Ẹ̀yin tó ń ra ìpara abóra tí wọ́n po irú oògùn yìí mọ́ lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé àṣẹ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lẹ ń fọwọ́ kàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́? Fos á lọ. Ìrù RNA rẹ̀ ní àmì kan tó ń sọ pé kí wọ́n tètè ya bébà náà, wọ́n sì ń ya á lóòótọ́. Láàárín wákàtí bíi mélòó kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gé ìrù yẹn kúrò tí wọ́n sì mú kí àdàkọ Fos máa lọ ní àlọsíwájú, Fos tó dára náà, tí a kò yí lẹ́tà kan padà nínú purotéènì rẹ̀, sọ sẹ́ẹ̀lì di bíi ti jẹjẹrẹ. Jun tí fáírọ́ọ̀sì gbé ní tirẹ̀ pàdánù ìlẹ̀kẹ̀ 27, ibẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì ti máa ń dì í mú láti pa á run. Ẹ ò rí i báyìí? Ẹni tó mọ ìgbà tí yóò dìde tí kò mọ ìgbà tí yóò jókòó ni a ń pè ní jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó wà lọ́kàn mi láti kékeré. Mo wà ní pírámárì 5. Oníbàárà màmá mi kan ní ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n ní ehín ni, wọ́n yọ ehín. Ó tún wú sí i. Wọ́n yọ òmíràn. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ó ti pẹ́ jù. Màmá mi ti gé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, wọn ò rán an. Ó wà nínú àpò kan nínú ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá a nù.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nínú kíláàsì, mo rí àwòrán ọmọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Burkitt lymphoma ni orúkọ àìsàn náà, láti orúkọ Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní Kampala, tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Àwọn ilẹ̀ tí ibà ti ń yọ ọmọdé lẹ́nu léraléra ló ti wọ́pọ̀ jù, tiwa sì wà nínú wọn. Mo jókòó síbẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ mọ́.

Ohun tó ṣe ọmọ yẹn bá ọ̀rọ̀ wa òní tan. Proto-oncogene kan wà tó ń jẹ́ Myc. Òun náà kò lè dá mú DNA. Max ni ẹnìkejì rẹ̀, 1991 ni wọ́n kéde rẹ̀. Myc àti Max jọ ń mú lẹ́tà 6, CACGTG, wọ́n á sì ní kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà kó sì pín. Ṣùgbọ́n Max kì í ṣe ti Myc nìkan. Bí ó bá tó àkókò kí sẹ́ẹ̀lì sinmi, purotéènì tó ń jẹ́ Mad á pọ̀, á gba Max, ibi kan náà ni wọ́n á lọ mú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ká òwú ni wọ́n á pè. Ibi kan náà, lẹ́tà kan náà, àṣẹ méjì tó tako ara wọn. Ẹni tó bá pọ̀ jù ló ń rí Max gbà.

Nínú Burkitt, krómósómù 8 àti 14, ìyẹn méjì nínú àwọn ìdì tí DNA pín sí, já, wọ́n sì tún ara wọn so ní àṣìso, lọ́pọ̀ ìgbà. Jíìnì Myc tó wà lórí 8 wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ohun ìjà ara, èyí tí kì í sinmi nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé pátáànì tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ kọ́ sí ibi tí pátáànì yúnífọ́ọ̀mù wà ní oṣù September tí iléèwé fẹ́ wọlé. Ọmọọṣẹ́ á máa tọ̀ ọ́ láìdúró. Myc kún inú sẹ́ẹ̀lì, ó gba Max lọ́wọ́ Mad, kókó jẹjẹrẹ náà sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n rí ní 1964, Epstein-Barr, wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ibà tó ń padà wá sì ń fipá mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pín.

Nítorí pé ó ń yára pín, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń pín máa ń kápá rẹ̀ gan-an. Bí a bá tètè gbé ọmọ dé, ó lè yè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yín bá wú, tí ehín bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn yọ ehín lé ehín. Ẹ gbé e lọ sí National Hospital, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Gwagwalada, tàbí Shika ní Zaria, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò.

Oògùn tó kọjú sí Fos, Jun àti Myc fúnra wọn ṣòro láti ṣe. Oògùn máa ń fẹ́ kòtò tó máa wọ̀ sí, ara àwọn wọ̀nyí sì tẹ́jú níbi tí wọ́n ti ń lọ́ mọ́ra. Àwọn tó wà lókè wọn, tó ń fi fọ́sífétì síni lára, ló rọrùn. Abl jẹ́ proto-oncogene bẹ́ẹ̀. Bí krómósómù 9 àti 22 bá pààrọ̀ apá kan lára wọn, Abl á so mọ́ jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ Bcr, á sì fa irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Oògùn imatinib tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2001 ń dí kòtò rẹ̀. Láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti apá òkè ọya níbí lọ gbà á. Orí mi máa ń wú tí mo bá sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Fos bá léwu tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ ọ́ kúrò lára èèyàn?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ti dán an wò lára eku. Àwọn eku tí wọ́n yọ Jun lára wọn kú sínú ìyá wọn kí wọ́n tó bí wọn. Ní 1992, wọ́n yọ Fos lára àwọn mìíràn. Àwọn kan nínú ìwọ̀nyẹn là á já, ṣùgbọ́n wọn ò ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun àtijọ́ kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Eegun wọn kún dí, kò sí àyè fún mùdùnmúdùn. Ehín wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó pé, ṣùgbọ́n eegun kò yà fún un láti hù jáde.